Ta ló sọ ọ́ di dandan? Awuyewuye lórí “must”, “have to” àti àwọn ẹbí wọn

Ìbéèrè òǹkàwé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ilé-ìwé, ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé “must” ló le jù lọ, “have to” ló tẹ̀ lé e, “should” sì jẹ́ ìmọ̀ràn lásán tí èèyàn lè gbà tàbí kó kọ̀. Èmi àti àwọn ará Ìlú Ọba kan la jọ ń ṣiṣẹ́ báyìí. Mo kọ ímeèlì sí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá wọn pé “You must send me the file before Friday.” Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fi dá mi lóhùn: “Noted.” Nígbà tó yá, òun náà kọ̀wé sí mi pé “You might want to have another look at page four.” Mo kà á sí àbá, mo bá tèmi lọ. Àfi bí wọ́n ṣe ń bi mí pé kí ló dé tí mi ò ṣe ohun tí wọ́n ní kí n ṣe. Ta ló ní kí n ṣe nǹkan? Níbo ni “must” wà nínú gbólóhùn yẹn? Àbí àwọn èèyàn yìí ò mọ gírámà èdè ara wọn ni?

*

Wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa. Àkàsọ̀ tí wọ́n fi kọ́ yín ni kò dúró ire.

Àkàsọ̀ náà gbajúmọ̀: “must” lókè pátápátá, “have to” nísàlẹ̀ rẹ̀, “should” àti “ought to” tẹ̀ lé e, títí dé “could”. Ó rọrùn fún olùkọ́ láti fi ṣe ìdánwò, ìdí nìyẹn tí kò fi tán nínú ìwé. Ṣùgbọ́n nígbà tí elédè Gẹ̀ẹ́sì bá fẹ́ yan ọ̀kan nínú wọn, bí ọ̀ranyàn náà ṣe le tó kọ́ ló kọ́kọ́ máa ń wò. Ó ń wo ẹni tó gbé ọ̀ranyàn náà kalẹ̀, ó sì ń wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí wọn ò bá ṣe é.

Ẹ wo gbólóhùn yín náà. Ẹni tó bá sọ “you must” fún ẹni tó wà níwájú rẹ̀ ti fi ara rẹ̀ ṣe aláṣẹ. Kò ní òfin ibi iṣẹ́ ló wí bẹ́ẹ̀, kò ní àkókò ló ń lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló pàṣẹ. Ẹ̀yin ò ní in lọ́kàn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀gá yẹn kà nìyẹn. Ìtàn kan wà tí àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń pa nípa Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní. Ní 1603, nígbà tí àìsàn tó gbẹ̀mí rẹ̀ ti dé, Robert Cecil tó jẹ́ àgbà ìjòyè rẹ̀ sọ fún un pé ó “must” lọ dùbúlẹ̀. Wọ́n ní ńṣe ló yíjú sí i, tó bi í pé ṣé “must” lọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ sí ọba, ó sì pè é ní ọkùnrin kékeré. Ara rẹ̀ ò yá o, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ṣì mọ ọ̀rọ̀ àfojúdi.

Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí wa. Ta ni nínú wa tó máa kọ “ẹ gbọ́dọ̀ fi fáìlì náà ránṣẹ́ sí mi” sí ọ̀gá rẹ̀? “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi fi ránṣẹ́” la máa kọ. Ìwé gírámà ló tàn yín jẹ, tó ní bí ọ̀rọ̀ bá ti ṣe pàtàkì, kí ẹ gbé “must” síbẹ̀.

Mo máa padà sórí ojú-ìwé kẹrin. Àwọn kan ti ń já lu ọ̀rọ̀.

*

Ẹnìkan ní ohun tí mo ń sọ yìí kò ju òfin àtijọ́ kan tí gbogbo olùkọ́ mọ̀: “must” ń ti inú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wá, “have to” ń ti ìta wá. Ó ní kí n yéé sọ ọ́ di ìmọ̀ tuntun.

Ìdajì rẹ̀ ni mo fara mọ́. Bí ará Ìlú Ọba kan bá ní “I must ring my mother”, ọ̀rọ̀ náà ń jẹ ẹ́ lọ́kàn, òun ló rò ó fúnra rẹ̀. Bó bá ní “I have to ring my mother at six”, wọ́n ti jọ ṣàdéhùn, tàbí nǹkan kan wà níta tó ń fà á. Títí dé ibẹ̀, òfin yẹn ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n “I have to stop smoking” ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ, kò sì sẹ́ni tó fipá mú wọn. Lọ́wọ́ kejì, “All passengers must show a valid ticket” wà lára ògiri ibùdókọ̀ ojú irin. Inú ta ni ìyẹn ti wá?

Ohun tí mo rí ni pé nígbà tí ilé-iṣẹ́ tàbí ìjọba bá ń fẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí pátákó, “must” ló máa ń lò, nítorí òun ló ni òfin. Òṣìṣẹ́ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà kì í sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó máa sọ ni “I'm sorry, you have to show your ticket.” Ó fà sẹ́yìn kúrò nínú òfin náà, ó ń sọ fún ọ pé kì í ṣe òun, wọ́n ní kí òun ṣe é ni. Òfin kan náà ni, ẹnu méjì ló gbà jáde. Bí òṣìṣẹ́ yẹn bá sọ “you must” fún èrò ọkọ̀, ìjà ti dé nìyẹn.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ náà tún lọ síwájú sí i. “Must” tó jẹ́ àṣẹ ti di èdè ìwé, èdè òfin àti èdè pátákó. Lẹ́nu lásán, “have to”, “got to” àti “need to” lẹ máa gbọ́. “Must” tí wọ́n ṣì ń sọ dáadáa ni ti àròjinlẹ̀: “You must be tired”, ìyẹn ni pé ó dà bíi pé ó ti rẹ̀ ọ́.

Bí ẹ bá rò pé mo ń sọ èyí látinú afẹ́fẹ́, Geoffrey Leech, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ní Yunifásítì Lancaster, fi àkójọ ìwé Gẹ̀ẹ́sì Ìlú Ọba ti 1961 wé àkójọ irú rẹ̀ ti 1991. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó mílíọ̀nù kan ọ̀rọ̀. Láàárín 30 ọdún yẹn, “must” ti fi nǹkan bí 30 nínú 100 dín kù. “Shall” àti “ought to” fi ohun tó ju 40 nínú 100 dín kù. “Need to” ní tirẹ̀ ń gòkè. Ẹ má sì gbàgbé pé èdè orí ìwé nìyẹn o, ìwé ìròyìn àti ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde, níbi tí ọ̀rọ̀ kì í ti í tètè kú. Ti ẹnu máa ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìdí tí wọ́n sábà máa ń fà yọ ni pé àwọn èèyàn ibẹ̀ kò fẹ́ kí ipò hàn gedegbe nínú ọ̀rọ̀ mọ́. Ipò ṣì wà níbẹ̀ digbí o. Ọ̀gá ṣì ni ọ̀gá. Ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ dún létí.

*

Ẹni tó ní “need to” ló dára jù, kí gbogbo wa kúkú máa lò ó: ẹ rọra.

Ọ̀rọ̀ alárékérekè ni. “You need to fill in this form.” Ẹ gbọ́ ná, ta ló nílò fọ́ọ̀mù? Ọ́fíìsì ló nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti yí àṣẹ wọn padà di àìní rẹ, bíi pé o jí láàárọ̀ ni o ń wá fọ́ọ̀mù tí wàá kọ. Àwọn ọ̀gá Amẹ́ríkà tún ní òmíràn: “I'm going to need you to come in on Saturday.” Àìní tiwọn ni lọ́tẹ̀ yìí, ó sì dún bí ẹ̀bẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Dandan ni Sátidé yẹn.

“You need to calm down” ńkọ́? Mi ò tíì rí ẹni tí wọ́n sọ ọ́ fún tí inú rẹ̀ rọ̀.

*

Ìdáhùn kúkurú fún ẹni tó ní òun ti bá wọn gbé, òun ò sì gbọ́ “have to” lẹ́nu wọn: ẹ gbọ́ ọ. Ohun tó dé etí yín ni “hafta”, tàbí “hasta” fún “has to”. “I've got to go” máa ń di “I gotta go”, “'ve” á ti pòórá. “You'd better” máa ń di “you better”. Ẹ sì jẹ́ ká fi èyí kún un: “'d” tó wà níbẹ̀, “had” ni, kì í ṣe “would”. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa kọ “you would better” sínú lẹ́tà, wọ́n á ti mọ̀ pé orí ìwé lẹ ti kọ́ ọ.

*

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń bàjẹ́ jù ni ìyísódì, mo sì fẹ́ ká dúró níbẹ̀ díẹ̀.

Nígbà tí kò bá sí “not”, “must” àti “have to” fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọmọ ìyá. “Not” wọlé báyìí, ọ̀nà wọn pín. “You mustn't come”: o kò gbọ́dọ̀ wá, èèwọ̀ ni. “You don't have to come”: kì í ṣe túláàsì, bó bá wù ọ́ kó o wá. Nínú ti àkọ́kọ́, dandan ṣì wà níbẹ̀. Dandan ni pé kó o má wá. Nínú ìkejì, dandan fúnra rẹ̀ ni wọ́n mú kúrò.

Ẹnìkan ní èyí ló ṣòro jù fún ọmọ Yorùbá. Mi ò gbà. “Kò gbọ́dọ̀” àti “kò pọn dandan” wà lẹ́nu wa, a kì í sì í fi ọ̀kan pe èkejì. Ẹni tó ti gbọ́ “Ìwọ kò gbọdọ̀ jalè” láti kékeré ti mọ ohun tí “mustn't” ń ṣe. Àwọn ará Jámánì ló ni wàhálà náà gan-an. “Du musst nicht” lédè wọn túmọ̀ sí pé kò pọn dandan, ó sì jọ “you must not” bí ìbejì. Ará Jámánì lè fi inú rere sọ fún àlejò pé “You must not bring anything”, kí àlejò máa ṣe kàyéfì irú ilé tí wọ́n ti fòfin de ẹ̀bùn.

Níbi tí àwa ti ń ṣubú ni “needn't”, nítorí a kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ọ. “You needn't wait” jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú “you don't have to wait”. Ìlú Ọba lẹ ti máa bá a jù, lẹ́nu àwọn àgbà wọn pàápàá. Ará Amẹ́ríkà á ní “you don't need to wait”. Òmíràn ni “You shouldn't have!” tí èèyàn máa ń sọ nígbà tí o bá fún un lẹ́bùn. Ẹ má bẹ̀bẹ̀. Ẹ má gba ẹ̀bùn padà. Ọpẹ́ ni.

Bí a ti ń sọ̀rọ̀ pátákó bọ̀, ọ̀kan wà ní ibi àkàsọ̀ tó ń rìn fúnra rẹ̀ ní ọkọ̀ ojú irin abẹ́lẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù: “Dogs must be carried.” Àwọn onímọ̀ èdè ti fi ṣe ẹ̀rín títí. Bí o kò bá ní ajá ńkọ́? Ṣé kó o wá ọ̀kan yá kó o tó lè gun àkàsọ̀ ni? Ẹ wá lọ sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé, ẹ máa rí “Hard hats must be worn.” Gírámà kan náà. Níbí, bí o kò bá ní akoto, o kò ní wọlé. Kò sí ohun kankan nínú gbólóhùn méjèèjì tó sọ fún ọ pé ọ̀kan ń bá àwọn tó ní nǹkan lọ́wọ́ wí, pé èkejì ń bá gbogbo ayé wí. Ẹnìkan ní ìlò “be carried” àti “be worn” ló fà á, pé wọn ò dárúkọ ẹni tó máa ṣe é. Ó wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n “You must carry your dog” náà ò fi gbogbo ara bọ́ nínú ẹ̀rín yẹn. Ohun tí a mọ̀ nípa ajá àti nípa bíríkì tó lè já lu orí ló ń bá wa túmọ̀ rẹ̀.

*

Ó yá, ojú-ìwé kẹrin.

“You might want to have another look at page four.” Bí ẹlẹgbẹ́ yín tí ẹ jọ wà ní ipò kan náà bá sọ ọ́, àbá ni. Bí ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ yín wò bá sọ ọ́, iṣẹ́ ni ó rán yín. Bẹ́ẹ̀ náà ni “You may wish to…”, “I'd have another look at that”, “It would be good if…” àti “Perhaps we should…”. Ẹ fi ìbéèrè méjèèjì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan wọ̀n ọ́n. Ta ló gbé e kalẹ̀? Ẹni tó lágbára lórí iṣẹ́ náà. Kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí n kò bá ṣe é? Yóò béèrè. Ó ti parí. Ẹni tó ní agbára kò nílò ọ̀rọ̀ tó lágbára, nítorí ẹ̀yin méjèèjì mọ̀ pé agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹnìkan kọ ọ́ gbàgàdà pé àgàbàgebè nìyẹn, pé kí èèyàn sọ ohun tó ń fẹ́. Inú mi dùn pé ó sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ti gbójú fo nǹkan kan. “Might want to” fún yín láyè tí “must” kì í fún ni. Ẹ lè dáhùn pé “I've had another look and the figures are right, because…” Kò sẹ́ni tó máa bínú. Ó ní kí ẹ wò ó, ẹ wò ó, ẹ sì mú ìdí wá. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà kò fàyè gbà. Ẹ̀yin dákẹ́, ibẹ̀ ni ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ fẹ́ nǹkan lọ́wọ́ ọ̀gá, ẹ gbé ẹrù náà kúrò lórí ẹni náà, kí ẹ gbé e ka orí nǹkan mìíràn. “Could you send me the file by Friday? I need it for Monday's meeting.” Ìpàdé ọjọ́ Ajé ló ń fúngun mọ́ ọ̀gá náà báyìí, kì í ṣe ẹ̀yin. Tàbí “The file has to be in by Friday”: fáìlì ló di dandan fún. Tàbí ẹ sọ àbájáde rẹ̀: “If we don't have it by Friday, we'll miss the deadline.” Èyí tó kẹ́yìn yìí le gan-an, ó le ju “must” lọ, bẹ́ẹ̀ kò sí ọ̀rọ̀ ọ̀ranyàn kankan nínú rẹ̀. Ibi tí àkàsọ̀ ilé-ìwé ti dà wó nìyẹn.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe ti òní. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá, 1805, kí ogun ojú omi Trafalgar tó bẹ̀rẹ̀, Nelson, ọ̀gágun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi àsíá ránṣẹ́ sí gbogbo ọkọ̀ rẹ̀: “England expects that every man will do his duty.” Kò sí “must” níbẹ̀, bó ti lè jẹ́ pé ikú ni wọ́n ń lọ bá. Ọ̀rọ̀ tí Nelson kọ́kọ́ fẹ́ lò ni “confides”, ìyẹn ni pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìgbẹ́kẹ̀lé. John Pasco tó ń bójú tó àsíá ló ní kí wọ́n lo “expects”, nítorí ó ti ní àsíá tirẹ̀ nínú ìwé àmì, tí wọ́n á bá sì lo “confides”, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa tò. Àìráyè ló jẹ́ kí ìgbẹ́kẹ̀lé di ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ àṣẹ. Lónìí, “We expect all staff to arrive by nine” ṣì ń jẹ́ iṣẹ́ tí Pasco rán an.

*

Ẹ̀gbọ́n kan tó jẹ́ agbẹjọ́rò ní ká má gbàgbé “shall”. A ò gbàgbé, òun náà ló ń lọ.

Nínú Bíbélì Ọba James ti 1611, “Thou shalt not” ni àṣẹ tí kò ní àríyànjiyàn. Nínú òfin òde òní, ó ti dá wàhálà sílẹ̀, torí pé àwọn tó ń kọ òfin ti lò ó fún dandan, fún ọjọ́ iwájú, fún ohun tó kàn jẹ́ àpèjúwe, nínú ìwé kan náà nígbà mìíràn. Nígbà tí Amẹ́ríkà tún òfin ìgbẹ́jọ́ àwọn ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ wọn kọ, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá, 2007, wọ́n yọ “shall” kúrò, wọ́n fi “must”, “may” tàbí “should” rọ́pò rẹ̀ níbi tó bá yẹ. Ẹ rí i pé “must” tó ń kú lẹ́nu èèyàn ló tún ń jókòó sípò ọlá nínú òfin.

Mo fẹ́ ká wo ìwé ìlànà ojú pópó Ìlú Ọba, Highway Code, tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ní 1931, nítorí ẹni tó ní “should” jẹ́ ìmọ̀ràn lásán. Níbi tí òfin bá ti de nǹkan, “MUST” tàbí “MUST NOT” ni wọ́n ń kọ, pẹ̀lú lẹ́tà ńlá. Bí o bá rú u, o ti dá ọ̀ràn. Àwọn ìlànà yòókù ń lo “should” tàbí “do not”. Rírú ìwọ̀nyẹn nìkan kò sọ ọ́ di ọ̀daràn, àmọ́ ìwé náà sọ ọ́ kedere pé ilé-ẹjọ́ lè fi ṣe ẹ̀rí láti mọ ẹni tí ẹ̀bi wà lọ́rùn rẹ̀. Ìmọ̀ràn wo ló tún ń bá èèyàn dé kọ́ọ̀tù?

Àwọn tó ń ṣètò íntánẹ́ẹ̀tì náà ní ìtumọ̀ tiwọn. RFC 2119, ìwé ìlànà wọn kan tó jáde ní 1997, fi “MUST” ṣe dandan pátápátá. “SHOULD” níbẹ̀ túmọ̀ sí pé ìdí gidi lè wà tí o fi máa yà kúrò, ṣùgbọ́n kó o kọ́kọ́ mọ gbogbo ohun tó máa tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, kó o sì gbé e wò dáadáa. Lójú tèmi, bí àwọn èèyàn ṣe ń lo “should” lójoojúmọ́ gan-an nìyẹn: o lè kọ̀, ṣùgbọ́n mú ìdí wá.

*

Ìbéèrè kan wà pé kí ló dé tí a kò lè sọ “Yesterday I must go.”

Ó dà bí àwàdà, ṣùgbọ́n “must” fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ọ̀rọ̀ àná tẹ́lẹ̀. Nínú Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́, ọ̀rọ̀-ìṣe kan wà tó ń jẹ́ “mōtan”, tó túmọ̀ sí pé èèyàn láyè láti ṣe nǹkan. “Mōste” ni wọ́n ń lò fún ohun tó ti kọjá. Nígbà tó yá, “mōste” yìí di “must”, ó di ọ̀rọ̀ ìsinsìnyí, àyè di ọ̀ranyàn. Kò wá sí ẹni tó kù tó máa dúró fún àná. “Had to” ló gba iṣẹ́ náà. “Must” kò sì lè tẹ̀ lé “will” tàbí “might”, nítorí náà “have to” ló ń sáré kiri: “will have to”, “might have to”, “having to”. Ìyá kan náà ni ti “should” àti “ought”. “Should” ni àná “shall”, “ought” ni àná “owe”. Nígbà yẹn, “shall” náà túmọ̀ sí kí èèyàn jẹ gbèsè.

Ẹ wá ṣọ́ra pẹ̀lú “have” tó bá tẹ̀ lé wọn. “He had to leave”: ó di dandan, ó sì lọ. “He must have left”: mi ò rí i, mo kàn rò pé ó ti lọ ni. “He should have left”: kò lọ, ó sì yẹ kó lọ. “He was supposed to leave”: ètò wà pé á lọ, ó jọ pé kò rí bẹ́ẹ̀, mi ò sì bá a wí. “He needn't have hurried”: ó sáré lásán. Èyí tí mo ń rí jù nínú lẹ́tà àwọn èèyàn wa ni “I must have reported it to you”, tí wọ́n fẹ́ fi sọ pé ó yẹ kí àwọn ti fi tó wọn létí. Ẹni tó kà á á rò pé ẹ ti sọ fún òun, pé òun ló gbàgbé.

*

Àwọn méjì tó kù, kíákíá. “You must come and see us!” kì í ṣe àṣẹ. Nǹkan tó máa dùn mọ́ ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ ni, kò sì sẹ́ni tí ń bínú pé wọ́n fi túláàsì gbé ohun dídùn fún òun. Àmọ́ bí wọn ò bá dá ọjọ́, ẹ má tíì di ẹrù.

“Had better” ló yẹ kó máa bà yín lẹ́rù. Àwọn èèyàn wa ń lò ó bí “ó sàn kí”, bíi pé ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ ni. “You had better reply today” ní ìhàlẹ̀ nínú: bí o kò bá ṣe é, wàá rí i. Ìyá lè sọ ọ́ fún ọmọ, ọ̀rẹ́ lè sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ tí ọkọ̀ fẹ́ já sílẹ̀. Ẹ má kọ ọ́ sí oníbàárà. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́ nìkan ló sì wà fún. Bó bá jẹ́ ohun tí gbogbo èèyàn yẹ kó máa ṣe nígbà gbogbo, “should” ni kí ẹ lò.

*

Ẹni tó béèrè kẹ́yìn ní ará Amẹ́ríkà kan kọ̀wé sí òun nípa ẹnì kejì wọn pé “He must not have seen your message.” Ó ní ṣé wọ́n ti fòfin de ọkùnrin náà láti ka iṣẹ́ tí òun rán ni.

Rárá. “Must” àròjinlẹ̀ nìyẹn, pẹ̀lú “not”. Ìwé gírámà Ìlú Ọba á ní kí ẹ sọ “He can't have seen your message”, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ará gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń sọ ọ́. Ní Amẹ́ríkà, “must not have” ló wọ́pọ̀, ẹ sì máa gbọ́ “mustn't” tó jọ ọ́ ní Ireland, ní Scotland àti ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó ń sọ fún yín ni pé ó jọ pé ọkùnrin náà kò tíì rí iṣẹ́ yín. Ẹ tún un fi ránṣẹ́.